Ẹni Inú Ilé àti Iná Núkílíà: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlọrin Lórí Ìdáàbòbò Ilé Iṣẹ́ Amúnáwá

Àṣamọ̀

Nàìjíríà kò tíì ní ilé iṣẹ́ amúnáwá núkílíà, ṣùgbọ́n ó ti ń lo ríákítọ̀ kékeré kan ní Zaria láti 2004, ó sì ti dárúkọ Geregu, ní ẹ̀bá Ajáòkúta, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ibi tí ó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ewu kan tí odi àti ìbọn kò lè dènà, èyí ni ewu ẹni tí ó ní àyè láti wọlé. A lo ìtàn Àfọ̀njá ti Ìlọrin àti ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta tí ó ti wáyé ní ilẹ̀ mìíràn láti fi hàn pé kì í ṣe ìfura sí ènìyàn tàbí sí ẹ̀yà ni ó ń dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀. Ètò iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí agbára ìparun bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán. Àkíyèsí ni ó jẹ́ nípa bí ìparun ṣe ń wáyé: ohun tí ó bá sún mọ́ nǹkan jù lọ ni ó mọ ibi tí nǹkan náà ti rọ̀. Odi ìlú a máa dá ọmọ ogun òkèèrè dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tí ó ń gbé inú odi dúró. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, báwo ni a ṣe ń dáàbò bo ohun tí ó léwu púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí a gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀?

Àpẹẹrẹ tí a ó gbé yẹ̀ wò ni ilé iṣẹ́ tí ń fi agbára núkílíà mú iná mànàmáná wá. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tí ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Láti 1976 ni òfin ti dá àjọ tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. NNRA, àjọ tí ń ṣe àkóso ààbò rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 lábẹ́ òfin tí a ṣe ní 1995. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti ń fi ríákítọ̀ kékeré kan ṣe ìwádìí láti 2004. Nígbà tí Nàìjíríà àti iléeṣẹ́ Rosatom ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà sì jọ ń jíròrò lórí kíkọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá, ibi méjì tí a dárúkọ ni Itu ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, àti Geregu ní ẹ̀bá Ajáòkúta, ní agbègbè odò Ọya. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni Ajáòkúta wà títí di 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. A kò tíì kọ́ ilé iṣẹ́ núkílíà sí èyíkéyìí nínú ibi méjèèjì. Ìdí gan-an nìyí tí àsìkò yìí fi dára fún àlàyé, nítorí kí a tó mọ ilé ni a ti ń ronú ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò wà.

Ohun tí ó mú ilé iṣẹ́ núkílíà yàtọ̀

Àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá jọra ju bí a ti rò lọ. Ní Kainji àti Jẹ́bà, omi odò Ọya ni ó ń yí ẹ̀rọ. Ní Ẹgbin, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, gáàsì ni wọ́n ń jó láti fi se omi, èéfín omi gbígbóná náà ni ó sì ń yí ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ núkílíà kò ṣe ju ti Ẹgbin lọ ní ìpìlẹ̀: ó ń se omi, èéfín omi sì ń yí ẹ̀rọ. Ohun tí ó fi ń se omi náà ni ó yàtọ̀. Nígbà tí inú átọ́ọ̀mù uranium bá là sí méjì, ooru ńlá a máa jáde láti inú rẹ̀, lílà átọ́ọ̀mù kan a sì máa mú kí òmíràn là. Ẹ̀rọ tí a ti ń kó ìlà yìí níjàánu ni a ń pè ní ríákítọ̀.

Bí a bá ti ìlẹ̀kùn omi ní Kainji, ẹ̀rọ yóò dúró, ọ̀rọ̀ sì parí. Ti ríákítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a tilẹ̀ dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àwọn ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí átọ́ọ̀mù ti là yóò ṣì máa gbóná fún ọjọ́ púpọ̀ àti oṣù púpọ̀, omi sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn kọjá lára wọn ní gbogbo àkókò náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima ní ilẹ̀ Japan ní 2011 nìyí. Àwọn ríákítọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ dúró nígbà tí ilẹ̀ mì, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò wọn, ṣùgbọ́n omi òkun tí ó ya wọ inú ilé iṣẹ́ náà ba àwọn ẹ̀rọ tí ń fún ìtutù ní iná jẹ́, uranium inú ríákítọ̀ mẹ́ta sì yọ́. Òkun ni ó ṣe ti Fukushima, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n òkun kò mọ ibi tí ó ń lọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ilé mọ ibi tí páìpù gbà kọjá, ó mọ kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ wákàtí tí ẹ̀ṣọ́ máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Ohun méjì, nítorí náà, ni a ń bẹ̀rù. Èkínní ni olè, kí ẹnìkan kó uranium tàbí ohun mìíràn tí ń tú ìtànṣán olóró jáde kúrò nínú ilé. Èkejì ni ìbàjẹ́, kí ẹnìkan ba ẹ̀rọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ooru yóò fi borí omi, tàbí tí ìtànṣán olóró yóò fi jáde sí àárín ìlú.

Ta ni ẹni inú ilé?

Àjọ Àgbáyé tí ń mójútó agbára átọ́míìkì, èyí tí a mọ̀ sí IAEA, ti ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn orílẹ̀-èdè. Ní èrò rẹ̀, ẹni inú ilé ni ẹnikẹ́ni tí a fún ní àṣẹ láti dé ibi tí ohun núkílíà wà, tàbí láti wà nídìí rẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé e kiri, tàbí láti mọ àṣírí nípa rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tí ń gbálẹ̀ wà nínú rẹ̀, awakọ̀ wà nínú rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tí ó wá tún òrùlé ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, ọ̀gá àgbà pàápàá wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà náà kò yọ sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tí ọ̀tá òkèèrè kò ní. Ó ní àyè, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbà wọlé. Ó ní àṣẹ, nítorí pé ó lè ní kí ẹlòmíràn ṣí ilẹ̀kùn tàbí kí ó pa ẹ̀rọ. Ó ní ìmọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti kọ́ ọ ní ibi tí agbára àti àìlera ilé náà wà. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní àkókò. Adigunjalè gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹni inú ilé lè mú díẹ̀ lónìí, kí ó mú díẹ̀ ní ọ̀la.

Èrò ọkàn wọn kò sì rí bákan náà. Ẹnìkan ń wá owó. Ẹnìkan ń bínú nítorí pé a gba ipò tí ó tọ́ sí i fún ẹlòmíràn. Àwọn ọ̀daràn gbé ọmọ ẹnìkan pamọ́, wọ́n ní àfi bí ó bá ṣe ohun tí àwọn fẹ́. Ẹnìkan gbà gbọ́ pé ohun tí òun ṣe tọ́ lójú Ọlọ́run tàbí lójú ìtàn. Ẹlòmíràn kò ní ibi kankan lọ́kàn: ó kàn fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ han ọ̀rẹ́ ni, tàbí kí ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé ọtí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà "ọ̀dàlẹ̀" kò tó láti fi ṣàpèjúwe gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀dàlẹ̀ nìkan kò ní rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kò sì ní rí aláìmọ̀kan.

Ohun tí Ìlọrin ti rí

Ètò ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ ewu yìí dáadáa. Aláàfin ń jọba, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ń ṣọ́ ọ. Àwọn Ògbóni sì ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Àwọn ìlàrí ọba a máa jíṣẹ́ dé àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, kí ààfin lè mọ bí nǹkan ti ń lọ. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ọ̀gá àwọn Ẹ̀ṣọ́, ni agbára ogun pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, a kì í sì í jẹ́ kí ó gbé ní olú-ìlú. Èrò tí ó wà nídìí gbogbo èyí ni pé ìwà rere ẹnìkan kò tó ohun tí a lè gbé ìjọba lé.

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Aólẹ̀ rán an pé kí ó lọ gbógun ti Ìwéré-Ilé, ìlú tí ó ṣòro láti ṣẹ́gun. Ọgbọ́n láti pa òun ni Àfọ̀njá kà á sí. Ogun náà yí padà, ó dojú kọ Ọ̀yọ́, Aólẹ̀ sì pàdánù ìtẹ́ àti ẹ̀mí rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀tá láti òkèèrè fọ́ odi Ọ̀yọ́. Agbára tí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ gbé lé Kakaǹfò lọ́wọ́ ni ó padà wá bá a.

Lẹ́yìn náà, Àfọ̀njá wá ohun tí yóò fi gbé agbára tirẹ̀ ró. Ó ké sí Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, láti wá bá a gbé ní Ìlọrin. Ṣọ̀lágbérú, Mùsùlùmí tí ó jẹ́ Yorùbá, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí Òkè Sùnnà. Àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Hausa, wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a ń pè ní Jamáà. Ẹgbẹ́ náà ràn án lọ́wọ́, ó sì ń dàgbà, títí tí kò fi sí ẹni tí ó lè bá a wí mọ́. Nígbà tí Àfọ̀njá fẹ́ tú u ká, ọwọ́ ti bọ́. Ní nǹkan bí 1824, àwọn tí ó kó jọ láti dáàbò bò ó ni wọ́n pa á ní ìlú tí ó ti jẹ́ olórí. Abdulsalami, ọmọ Ṣéù Àlímì, ni ó di Émíà àkọ́kọ́.

A sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ìtàn àlejò tí ó gba ilé lọ́wọ́ onílé. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀ nìkan, a ó pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fọ́ ètò náà kì í ṣe àlejò. Ìjòyè Ọ̀yọ́ ni, Yorùbá ni, oyè tí ó ga jù nínú iṣẹ́ ogun sì ni Ọ̀yọ́ fi dá a lọ́lá. Kì í ṣe ibi tí Jamáà ti wá ni ó mú wọn léwu, bí kò ṣe pé gbogbo agbára ogun ìlú wà ní ibì kan ṣoṣo, láìsí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó lè dá wọn dúró. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ohun tí a fi ṣe ààbò ni ó di ewu, nítorí pé a gbà pé ẹni tí ó dì í mú kò lè yí padà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta nínú ilé iṣẹ́ núkílíà

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ núkílíà. Èkínní wáyé ní Áfíríkà. Koeberg, tí ó wà nítòsí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ni ilé iṣẹ́ amúnáwá núkílíà kan ṣoṣo tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá 1982, nígbà tí a ń kọ́ ọ lọ́wọ́ tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá, bọ́ǹbù mẹ́rin bú nínú rẹ̀. Rodney Wilkinson, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ni ó gbé wọn síbẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ kó àwòrán ilé náà jáde lọ fún ẹgbẹ́ ANC tí ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, kí a tó ní kí òun fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé náà falẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Akọni ni ó jẹ́ lójú àwọn tí ń jà fún òmìnira. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ Koeberg, odi sì yí i ká, ṣùgbọ́n ẹni tí àwòrán ilé wà ní ọwọ́ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohun tí ó ń fi odi ṣe. Àìmọye òṣìṣẹ́ ni ó ń wọlé tí ó sì ń jáde ní ibi tí a ti ń kọ́lé. Ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́, nígbà náà, ti nílò ààbò kí iná tó dé inú rẹ̀.

Èkejì wáyé ní Podolsk, nítòsí Moscow, ní 1992. Leonid Smirnov, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Luch, rí i pé nínú ìṣirò ilé iṣẹ́ náà, a máa ń ka ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún uranium sí ohun tí ó ṣòfò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń mú ìyókù lọ sílé, gíráàmù díẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, títí tí ó fi tó nǹkan bí kílò kan àbọ̀ uranium tí ó lágbára púpọ̀. Owó oṣù kò ra nǹkan mọ́ ní Rọ́ṣíà nígbà náà. Ó ní fìríìjì àti ààrò gáàsì ni òun fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ni àwọn ọlọ́pàá ti rí i, nígbà tí wọ́n mú àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ó jí bátìrì. Ká ní kò bá wọn rìn ní ọjọ́ náà ni, bóyá ni à bá mọ̀.

Ẹ̀kẹta wáyé ní Doel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù Kẹjọ 2014. Ẹnìkan ṣí ibi tí a ń gbà da epo ẹ̀rọ ńlá kan sílẹ̀, èyí tí èéfín omi ń yí ní ríákítọ̀ kẹrin ibẹ̀. Nǹkan bí 65,000 lítà epo dà jáde. Ẹ̀rọ náà yí láìsí epo, ó bàjẹ́, ilé iṣẹ́ náà kò sì mú iná wá mọ́ títí di oṣù Kejìlá. Ìtànṣán olóró kò jáde, nítorí pé apá tí kì í ṣe ti núkílíà ni a bà jẹ́. Ìwádìí fi hàn pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tí ó sì ní àyè láti dé ibẹ̀. Ọdún púpọ̀ kọjá láìsí ẹni tí a dá lẹ́bi. Èyí ni ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀: ó di dandan fún wọn láti máa bá a lọ ní iṣẹ́, kí kálukú wọn sì máa wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣètò ààbò

Ètò tí ó gbéṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí pé gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ́ olè. Ìbéèrè kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀: bí ẹnìkan nínú wa bá yí padà ní ọ̀la, kí ni agbára rẹ̀ yóò ká? Iṣẹ́ ètò ni láti mú kí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kéré.

Ìwádìí ni ó ṣáájú. A mọ èyí nílé. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó níláárí ní Ìlọrin tí yóò fi owó sí ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ tuntun láìbéèrè onídùúró. Ilé iṣẹ́ núkílíà ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń wádìí ibi tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, gbèsè rẹ̀ àti ìlera rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọjọ́ tí a gba ènìyàn síṣẹ́ kò tó. Ẹni tí kò ní gbèsè ní ọdún tí a gbà á lè ní gbèsè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe, fún ọ̀gá àti fún ọmọ iṣẹ́ bákan náà.

Lẹ́yìn ìwádìí ni pínpín àyè. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nídìí páńpù omi kò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a kó uranium sí, ẹni tí ó ń ka uranium kò sì ní dé ibi ìdarí ẹ̀rọ. Bí iṣẹ́ ènìyàn bá yí padà tàbí tí ó bá parí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú ní ọjọ́ kan náà. Àwọn tí ń yàwòrán ilé náà ń ṣe ohun tí ó jọ èyí: páńpù tí ń gbé omi ìtutù kì í ṣe ẹyọ kan, a kì í sì í kó gbogbo wọn sínú yàrá kan, kí ẹni tí ó bá ba ọ̀kan jẹ́ má lè ba ìyókù jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òfin ẹni méjì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í jẹ́ kí akápò nìkan lọ gba owó ní báńkì. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò buwọ́ lu ìwé. Kì í ṣe pé wọ́n pe akápò ní olè. Àbò ni ó jẹ́ fún òun náà, nítorí pé ní ọjọ́ tí owó bá dín, ẹni tí ó bá a buwọ́ lù ú yóò jẹ́rìí rẹ̀. Bákan náà ni ní ilé iṣẹ́ núkílíà: ẹni méjì tí ó mọ iṣẹ́ náà dọ́gba ni yóò jọ wọ yàrá tí ó ṣe pàtàkì jù, tí ojú wọn yóò sì máa wà lára ara wọn. Bí ẹnìkejì kò bá mọ ohun tí ẹnìkínní ń ṣe, kì í ṣe ẹlẹ́rìí, òǹwòran ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣirò. Ìtàn Podolsk fi hàn pé ibi tí a bá ti gba àdánù láìbéèrè ni olè yóò dúró sí. A gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ó wọlé, kí a wọn ohun tí ó jáde, kí a sì wọn ohun tí ó ṣòfò pàápàá. Ẹni tí ń wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń lò ó. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tí ń mọ ìtànṣán olóró gbọ́dọ̀ wà fún ẹni tí ń jáde, nítorí pé ẹni tí ó jáde ni ó lè gbé nǹkan lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni a sábà máa ń gbàgbé, èyí ni ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó bá jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́fà ti ya ihò sára ògiri ara rẹ̀, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò sí ibi tí òṣìṣẹ́ lè kó ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ìdílé ẹnìkan, ó yẹ kí ó mọ ẹni tí òun lè sọ fún láìjẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí ẹnìkan bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ìwà rẹ̀ ń yí padà, ó yẹ kí ó lè sọ ọ́ bí ẹni tí ń wá ìrànwọ́, kí a má kà á sí amí.

Ohun tí Zaria ṣe

Ọ̀nà kan tún wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ níbi tí ó bá ṣeé ṣe, òun ni pé kí a má tọ́jú ohun tí olè lè fẹ́. Nàìjíríà ti ṣe èyí. Uranium tí a wà láti inú ilẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní irú èyí tí ń là tí ó sì ń gbóná. A máa ń mú kí irú náà pọ̀ sí i kí ó tó wúlò. Bí ó bá tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kà á sí uranium alágbára gíga, nítorí pé irú rẹ̀ ni a lè fi ṣe bọ́ǹbù bí ó bá pọ̀ tó. Ríákítọ̀ Zaria, tí a ń pè ní NIRR-1, tí àwọn ará Ṣáínà ṣe, tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlówáàtì lọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí kílò kan uranium tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn onímọ̀ ń lò ó láti mọ ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀, òkúta àti oúnjẹ.

Kílò kan kò tó bọ́ǹbù. Kílò 25 ni IAEA fi ṣe òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, ó tó ohun tí ọ̀daràn lè fẹ́ kó jọ pẹ̀lú òmíràn. Ghana, tí ó ní irú ríákítọ̀ kan náà, ni ó kọ́kọ́ pààrọ̀ tirẹ̀ ní 2017. Ní 2018, a yọ uranium alágbára gíga kúrò nínú ti Zaria, a fi èyí tí agbára rẹ̀ kò tó ìdá ogún rọ́pò rẹ̀, a sì fi ọkọ̀ òfurufú dá ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ríákítọ̀ náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ohun tí a kò ní, kò sí ẹni inú ilé tí ó lè jí i.

Ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá kò nílò uranium alágbára gíga. Nítorí náà, bí a bá kọ́ ọ sí Geregu tàbí sí ibòmíràn, ewu ìbàjẹ́ ni yóò ga ju ewu olè bọ́ǹbù lọ. Ibẹ̀ ni ètò tí a ṣàlàyé lókè yìí yóò ti ṣe pàtàkì jù.

Ibi tí ètò lè ti kùnà

Ìtàn Ìlọrin kò parí sí ikú Àfọ̀njá. Ìlú tí ó tẹ̀lé e kò fi gbogbo agbára ogun sí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo mọ́. Balógun mẹ́rin ni ó wà: Balógun Gàḿbàrí, Balógun Àjíkòbì, Balógun Àlànàmú àti Balógun Fúlàní, kálukú pẹ̀lú apá ìlú tirẹ̀ àti àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ètò yìí gbé Ìlọrin ró nínú ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Síbẹ̀, ní 1895, àwọn Balógun fi ọwọ́ so ọwọ́, wọ́n dojú kọ Émíà Momo, ó sì kú nínú ààfin rẹ̀. Òfin ẹni méjì gbára lé e pé ẹni méjì náà kò ní fi ohùn ṣọ̀kan láti ṣe ibi. Bí wọ́n bá ṣe é, òfin náà ti di ìwé lásán. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìgbà dé ìgbà, tí àwọn olùyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ wá láti òde, lọ́wọ́ àjọ tí kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà.

Ìkùnà kejì ni ti ọ̀gá. Ní ilẹ̀ tiwa, a kì í fẹ́ bi àgbà léèrè ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó bá kúnlẹ̀ kí ọ̀gá tí ó sì jẹ́ kí ó kọjá láìyẹ àpò rẹ̀ wò kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àfọ̀njá kì í ṣe ọmọ ogun lásán. Ọ̀gá wọn ni. Bí ipò bá ti ga sí i ni àyẹ̀wò yẹ kí ó pọ̀ sí i, ọ̀gá tí ó bá sì fẹ́ràn ilé iṣẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ ṣí àpò rẹ̀.

Ìkùnà kẹta ni ó yẹ kí ó jẹ wá lógún jù ní Nàìjíríà. Ó rọrùn láti rò pé ààbò ni kí a gba kìkì "ẹni wa" síṣẹ́, kí a sì máa ṣọ́ "ẹni tiwọn". Irú ètò bẹ́ẹ̀ a máa fọ́jú sí ibi tí ewu wà. Òṣìṣẹ́ tí a ń fura sí nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn rẹ̀ yóò ní ìdí láti bínú. Èyí tí a kò fura sí nítorí pé ọmọ ìlú wa ni yóò ní àyè tí kò tọ́ sí i. Àwọn tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà a sì máa bo ara wọn láṣìírí. Ìlọrin, ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe àti Kànúrí ti jọ di ará ilé kan, mọ̀ pé orúkọ àti ilà kò sọ ohun tí ó wà nínú ènìyàn.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé ẹni inú ilé léwu nítorí àyè, àṣẹ àti ìmọ̀ tí ó ní, kì í ṣe nítorí pé ó burú ju ẹlòmíràn lọ. A rí i pé odi Koeberg, ìwé ìṣirò Podolsk àti ẹ̀ṣọ́ Doel kùnà ní ibi kan náà tí ètò Ọ̀yọ́ ti kùnà lórí Àfọ̀njá: ohun kan tí ó ṣe pàtàkì wà ní ìkáwọ́ ẹnìkan láìsí ẹlẹ́rìí. A sì rí i pé ètò tí ó lè dènà rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìwé tí ẹni mẹ́ta ń buwọ́ lù, onídùúró, ìjòyè tí ń ṣọ́ ọba àti ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ìjòyè, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà.

Bí ọjọ́ bá dé tí a ó gbé ríákítọ̀ ńlá kalẹ̀ ní ẹ̀bá odò Ọya, àwọn ọmọ Kwara àti Kogi yóò wà lára àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a bá wọn sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe pé a ń fura sí wọn. Ó yẹ kí a sọ fún wọn pé a ti ṣètò iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹnikẹ́ni, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀, tí ìlú yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní òun nìkan.